Bí Kóòṣì Ṣe Di Ọkọ̀ ní Iléeṣẹ́ Omi

Ọ̀gá àgbà kan wà ní iléeṣẹ́ omi tí ọ̀rọ̀ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rọ omi ìlú gbẹ tó. Gbólóhùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, "Ọlọ́lá Jùlọ" ni, wọn a sì tẹrí ba díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí o. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ọ̀gá á ní ìsinmi ló fẹ́ tọrọ. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, á ní ó ti ń wo àga òun.

Tó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, bàtà rẹ̀ á tẹ̀lé e, òun alára á wá dé gbẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré jù fún un láti tú dé ìpìlẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wá gbàyè lọ wo ìyá rẹ̀ ní ọsibítù, ó máa kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ "àyè" ti ṣẹ̀ wá, ara ìyá náà á sì ti yá kí àlàyé tó parí. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò kan gbé korobá òfìfo wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò rí omi láti oṣù mẹ́ta, ó dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Kí ni omi?"

"Òun la wá bi yín, sà," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

Ó ní igbákejì kan tí wọ́n sọ lórúkọ Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Ọkùnrin yìí kì í dúró kí ọ̀rọ̀ parí kó tó gbà. Lọ́jọ́ kan tí Gbólóhùn sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà mi orí, ó ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, sà."

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ títí lẹ́tà kan fi dé láti òkè. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò di olùdarí gbogbo iléeṣẹ́ omi orílẹ̀-èdè. Èèyàn méjì ni wọ́n mú, Gbólóhùn sì jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbìmọ̀ kan yóò wá bá olúkúlùkù níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kó má bàa ṣòro, ìjọba yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní olùdámọ̀ràn tó mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń múra ọ̀gá sílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kóòṣì ni wọ́n pè é nínú lẹ́tà.

"Kóòṣì?" ni Gbólóhùn wí. "Èmi? Ṣé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá ni?"

"Ẹ ò ní gbá bọ́ọ̀lù, sà."

"Tí mo bá fẹ́ gbá a, mo lè gbá a."

"Ẹ máa gbá a dáadáa, sà."

Ní ọjọ́ Ajé, kóòṣì dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé báàgì aláwọ tó ti pẹ́ lọ́wọ́. Ó ti ṣe tíṣà títí ó fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Látìgbà náà ló ti ń múra àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò pé wákàtí kan tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Màmá Tíṣà. Ọkọ rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀, ọdún kejì rèé tí kò ti lè dá rìn, iṣẹ́ yìí sì ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun. Ẹ rántí ìyẹn, kẹ́ ẹ má bàa bi mí níwájú pé kí ló dé tí kò kàn gbé báàgì rẹ̀ kó sì máa lọ.

Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi pé èmi ni ìgbìmọ̀, sà. Àdúgbò mélòó ni omi ń dé lónìí?"

"Ìbéèrè ńlá," ni Gbólóhùn wí. "Màá kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àdúgbò jẹ́."

"Rárá, sà. Iye ni kẹ́ ẹ sọ."

"Iye wo?"

"Òun gan-an ni mo bi yín, sà."

Gbólóhùn yíjú sí igbákejì rẹ̀. "Ó pọ̀, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

"Ẹ bi àwọn ẹnjiníà yín," ni Màmá Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Tí kò bá dáa, ẹ sọ pé kò dáa. Ẹ sọ ohun tó fà á, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún un ṣe. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó."

Akọ̀wé tó ń tẹ̀wé ní yàrá kejì fi aṣọ bo ẹnu, ó sáré jáde.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbólóhùn á bẹ̀rẹ̀, Màmá Tíṣà á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ ti sọ̀yẹn tẹ́lẹ̀, sà." Láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti wà lórí àga, kò sí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè sí i rí, àfi láti pàtẹ́wọ́. Ó ń dùn ún. Ní alẹ́, kì í lè jẹun tán. Ó wá pinnu láti fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ jà.

"Màdáámù," ló wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, "orúkọ iṣẹ́ yín yìí, kóòṣì, níbo ló ti ṣẹ̀ wá?"

Ó rò pé kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ fẹ́ kó dákẹ́? Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè, sà. Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Hungary tó ń jẹ́ Kocs. Láyé àtijọ́, wọ́n ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, ó fúyẹ́, ara sì ń tu èèyàn nínú rẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ mìíràn rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n bá ń fi orúkọ abúlé náà pe ọkọ̀ náà. Orúkọ yìí ń ti èdè kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn wá ń fi àwọn tíṣà tó ń múra wọn sílẹ̀ fún ìdánwò ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní tíṣà yìí ni ọkọ̀ tó ń gbé àwọn kọjá. Látibẹ̀ ni tíṣà ti di kóòṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn eléré ìdárayá tó gbà á lò."

Gbólóhùn ń mi orí láìkánjú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ẹ̀kọ́ ló ń wọ̀ ọ́ lára.

"Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ni yín," ló sọ níkẹyìn.

"Wọ́n kàn fi wé ọkọ̀ ni, sà."

"Ọkọ̀ ni yín! Èmi ni mo jókòó sínú yín."

"Ní ẹ̀yìn, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Ọ̀gá kì í jókòó síwájú."

"Ṣé ọkọ̀ máa ń sọ ọ̀nà tí ọ̀gá máa gbà fún un?"

"A ò rí irú rẹ̀ rí, sà."

"Ṣé inú ọ́fíìsì ni ọkọ̀ ń gbé?"

"Inú gáréèjì ni, sà!"

Kí ó tó di ọ̀sán, ìwé àṣẹ olójú-ewé mẹ́ta ti jáde. Ojú ewé méjì àkọ́kọ́ sọ ìtàn abúlé Kocs, bí ẹni pé Gbólóhùn ló dá a sílẹ̀. Ojú ewé kẹta ló gbé ọ̀rọ̀: láti òní lọ, kóòṣì wà lábẹ́ ẹ̀ka ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, gáréèjì ni kó máa wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àyàfi tí Ọlọ́lá Jùlọ bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, gẹ́gẹ́ bíi ti ọkọ̀ yòókù.

Ọ̀gá àwọn dírẹ́bà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin onírunmú funfun ni, tí kì í rú òfin, kódà tó bá ń dùn ún. Ó lọ bá Màmá Tíṣà níbi tó dúró sí láàárín bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ akómi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní kí n kọ yín sínú ìwé ọkọ̀."

"Kọ mí, ọmọ mi. Kí ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀?"

"Oríṣi ọkọ̀, mà."

"Kọ kóòṣì."

"Ọdún tí wọ́n ṣe é." Màmá Tíṣà sọ ọdún tí wọ́n bí i. "Nọ́ńbà."

"Kò ní."

"Àwọ̀."

Ó wo apá ara rẹ̀. "Dúdú."

"Ìjókòó mélòó?"

"Ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo ń jókòó sí i."

"Bí ara rẹ̀ ṣe rí."

"Orúnkún òsì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń rìn."

Ọ̀gá dírẹ́bà kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, kò lè gbé ojú sókè wò ó. Ó lọ gbé àga tirẹ̀ wá, ó fi ìnujú nù ún, ó ní kó jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílé, ọkọ Màmá Tíṣà bi í láti ojú fèrèsé níbi tó jókòó sí, "Ṣé wọ́n fún ẹ ní ọ́fíìsì?"

"Wọ́n fún mi," ni Màmá Tíṣà wí. "Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa." Ó wá wọ inú ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

Lókè lọ́hùn-ún, Gbólóhùn ti gba òmìnira. Ó kọ ọ̀rọ̀ olójú-ewé mọ́kànlélógójì, "Orírun, Ìtumọ̀ àti Ọlá Omi". Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn láti fi wọ́n ṣe ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló ń kọ́ wọn ní àtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ìyàlẹ́nu wà, àtẹ́wọ́ ọpẹ́ wà, ọ̀kan sì wà tó gbọ́dọ̀ bẹ́ bí ẹni pé inú kò lè gbà á mọ́. Akápò kan pàtẹ́wọ́ ọpẹ́ níbi tó yẹ kó ti yà á lẹ́nu. Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà àlàyé.

Ẹnjiníà àgbà gbìyànjú láti wọlé. Obìnrin ni, òróró máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò ti bàjẹ́. Irin kékeré kan ni. Ìbuwọ́lùwé yín nìkan ló kù. Lẹ́tà mi kẹrin rèé. Nínú àdúgbò mẹ́tàdínlógún..."

"Má fi nọ́ńbà ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́," ni Gbólóhùn wí, "mo wà lójú ewé ogún."

Ẹnjiníà bá tẹ̀ lé ọ̀nà gáréèjì lọ sílé, bó ti máa ń ṣe. Ó rí Màmá Tíṣà tó jókòó níbẹ̀, ó kí i. Ìyá náà bi í pé, "Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi?" Ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n jẹ́ márùn-ún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni alága wọn. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "A ń gbọ́ yín, ọ̀gá."

Gbólóhùn dìde, ó fa kóòtù wálẹ̀. "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Kí ni omi?"

Àtẹ́wọ́ ìyàlẹ́nu sọ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Alága wo ẹ̀yìn, ó wo aago. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé kẹta, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Àdúgbò mélòó ni omi ń dé lónìí?"

Gbólóhùn la ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ẹnu náà dáadáa: ó là, kò sì sí nǹkan kan tó jáde níbẹ̀. Ó wo igbákejì rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

"Mélòó ni bẹ́ẹ̀ni?" ni alága béèrè.

Ìgbà yìí ni Gbólóhùn rántí pé ẹnì kan ti bi òun ní ìbéèrè yìí rí, ẹni náà sì lè mọ ìdáhùn. Ó tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fa bébà kan ya, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú: "Ẹ gbé kóòṣì mi wá sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kíákíá." Ó fi rán ìránṣẹ́ ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ fi sáré padà: ọ̀gá dírẹ́bà ní kò sí fọ́ọ̀mù. Gbólóhùn gbé fọ́ọ̀mù òfìfo, ó fọwọ́ sí i láì kà á. Ohun tí wọ́n sì ti tẹ̀ sórí rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ tí wọ́n bá pè jáde pẹ̀lú dírẹ́bà, epo àti ìwé rẹ̀.

"Èmi ló ń pè, ọmọ mi," ni Màmá Tíṣà wí nínú gáréèjì.

"Mo mọ̀, mà," ni ọ̀gá dírẹ́bà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé pẹ̀lú dírẹ́bà àti epo. Ẹ̀yin ò lo epo. Bọ́ọ̀sì yìí náà, kóòṣì ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wọlé, ká jọ lọ, ká má rú òfin kankan."

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kò fẹ̀. Ọ̀gá dírẹ́bà fi ẹ̀yìn wa bọ́ọ̀sì wá, ó ń tẹ fèrè bí òfin ṣe wí, títí ìdí bọ́ọ̀sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ọ̀nà tán, tí èéfín sì kún inú gbọ̀ngàn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti kọ́ rò pé ìgbà àtẹ́wọ́ ti tó. Wọ́n pa á, ọ̀kan tó ń bẹ́ yẹn. Láàárín èéfín, Màmá Tíṣà gba ẹ̀gbẹ́ ìdí bọ́ọ̀sì há-há wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ọ̀gá dírẹ́bà sì tẹ̀ lé e.

Alága wúkọ́. "Ta lẹ̀yin, mà?"

"Kóòṣì wọn ni mí."

"Ibo lẹ wà láti àárọ̀?"

Màmá Tíṣà wo ilẹ̀. Ọ̀gá dírẹ́bà ló dáhùn. Òfin sọ pé kí ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó sì ti mú un dání. Ó gbé e ka iwájú alága. Alága kà á sókè láìsáré: oríṣi rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúnkún òsì, ó dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló pàṣẹ èyí?"

"Òun ni, mà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó sì nawọ́ sí Gbólóhùn.

Alága yíjú sí Màmá Tíṣà. "Àdúgbò mélòó ni omi ń dé?"

"Mẹ́fà nínú mẹ́tàdínlógún, mà. Kò dáa. Irin kékeré kan ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí lẹ́tà Ẹnjiníà lónìí, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ti tó."

Alága so aago rẹ̀ padà mọ́ ọwọ́. Ojú fèrèsé ni ìgbìmọ̀ gbà jáde, torí pé bọ́ọ̀sì kú sẹ́nu ọ̀nà, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin náà pé, omi sì dé. Wọ́n fi Ẹnjiníà ṣe adelé ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní kí Màmá Tíṣà máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dá ìgbìmọ̀ lóhùn, inú ọ́fíìsì ni o. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kò pàdánù nǹkan kan. Lẹ́tà "s" kan péré ló yí padà, ó di Bẹ́ẹ̀ni-Mà. Ní ti Gbólóhùn, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, kó kọ àlàyé wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gbàgbé iṣẹ́.

Kò sí ẹni tó wá kí i. Foonu rẹ̀ dákẹ́. Nídìí oúnjẹ, ó fẹ́ dìde sọ̀rọ̀: "Ìyàwó mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Kí ni ilé?"

"Ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó èyí."

Ó kọ àlàyé olójú-ewé méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n dá a padà: kò yé àwọn, kó kọ ọ́ sí ojú ewé kan. Ó gé e, ó gé e, ó dúró sórí mẹ́sàn-án, kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó wọ bọ́ọ̀sì èrò, ó béèrè ọ̀nà, ó dé ilé Màmá Tíṣà ní ọ̀sán gangan.

Màmá ń fún ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ lójú fèrèsé. Nígbà tó rí Gbólóhùn, ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Ẹ wọlé, sà."

Gbólóhùn na ìwé náà sí i. Màmá Tíṣà mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e. Ojú ewé kìíní lọ. Èkejì lọ. Ní àárín ojú ewé kẹfà, ó dúró, ó fi ìlà sábẹ́ nǹkan kan, ó sì fagi lé ìyókù. Ohun tó kù ni: "Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dáa."

"Ta lẹ ṣe é sí?" ló béèrè.

Gbólóhùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Ẹ kọ ọ́. Ta tún ni?"

"Ẹnjiníà." Ó kọ ọ́. Ó ronú. "Àti àwọn obìnrin tó gbé korobá wá."

Ìlà mẹ́rin ló já sí. Ó gbé e sókè, ó ní, "Ó kéré jù. Wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ fi orúkọ yín sí i."

Lẹ́tà yẹn kò dá a padà sórí àga, ẹ má rò ó. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan létí odò, níbi tó ti ń ka bí omi ṣe ga tó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ parí sí. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, láìsí Ọlọ́lá, láìsí Jùlọ, ó sì ń wò ó bí ẹni tó rí orúkọ àjèjì. Ọkọ Màmá Tíṣà, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, yí orí díẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ló béèrè.

Màmá Tíṣà wo Gbólóhùn, kò bá a dá a lóhùn. Gbólóhùn gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó rọra dìde, ó lọ dúró níwájú arúgbó náà níbi tó ti lè rí i.

"Èmi ni, sà," ló wí.